Omijé àti Ahọ́n: Àgbéyẹ̀wò Old Boy nínú Ìwé àti nínú Sinimá

Bí wọ́n bá ti sọ ìwé kan di sinimá, ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ǹjẹ́ wọ́n tẹ̀ lé ìwé náà? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí kò tó. Ẹ jẹ́ kí a fi Old Boy ṣe àpẹẹrẹ. Garon Tsuchiya ni ó kọ ìtàn náà, Nobuaki Minegishi ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní ilẹ̀ Jàpáàn láti 1996 sí 1998 gẹ́gẹ́ bí manga, èyíinì ni ìwé ìtàn aláwòrán, ní ìdìpọ̀ 8. Ní 2003, Park Chan-wook, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, sọ ọ́ di sinimá, ó sì gba ẹ̀bùn Grand Prix ní Cannes ní 2004.

Eegun ìtàn méjèèjì jọra. Wọ́n gbé ọkùnrin kan sí àtìmọ́lé tí kì í ṣe ti ìjọba. Kò mọ ẹni tí ó ti òun mọ́lé, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ilé oúnjẹ Ṣáínà kan ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10 nínú ìwé, ọdún 15 nínú sinimá, ó sì ti ipa adùn oúnjẹ náà wá ibi tí wọ́n tì í mọ́ kàn. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni èyí: kí ni ó ṣe?

Nínú ìwé, Goto kò ṣe ibi kankan. Nígbà ọmọdé wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, Kakinuma kọrin ní kíláàsì. Orin náà wọ Goto lọ́kàn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kakinuma mọ̀ pé ẹnìkan ti rí ìdánìkanwà tí òun fi pamọ́, kò sì lè dárí rẹ̀ jì í. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí Goto fi ẹkún rí ni ó di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Nínú sinimá, ẹnu ni a fi ṣẹ̀. Oh Dae-su rí Lee Woo-jin pẹ̀lú arábìnrin rẹ̀ ní ipò tí kò yẹ ọmọ ìyá. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ kan, ó sì gbàgbé. Ẹyin lọ̀rọ̀: ó balẹ̀, ó fọ́, ọmọbìnrin náà sì kú sómi. Woo-jin gbẹ̀san nípa mímú kí Dae-su bá ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ ṣe bí olólùfẹ́ láìmọ̀. Níkẹyìn, Dae-su fi àlùmọ́gàjí gé ahọ́n ara rẹ̀.

Èrè sinimá náà hàn gbangba. Ahọ́n ni ó ṣẹ̀, ahọ́n ni ó san án. Ẹjọ́ náà pé láàárín wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó sọnù. Ẹni tí ó wo sinimá lè padà sílé kí ó wí pé, "N ó máa ṣọ́ ẹnu mi." Kí ni Goto ìbá ṣọ́? Àánú rẹ̀ ni bí? Àwọn kan ní ìdí tí ìwé fúnni kéré jù. Kíkéré rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀: agbéraga a máa kórìíra ẹni tí ó káàánú rẹ̀ ju ẹni tí ó bú u lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lórí bóyá sinimá tẹ̀ lé ìwé. Ẹ ní kí wọ́n wá ohun tí ó fi sílẹ̀, àti ohun tí ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Park fi omijé gba ahọ́n. Sinimá rẹ̀ dára púpọ̀. Síbẹ̀, omijé náà ni kò jẹ́ kí n sùn.