Obìnrin Tí Ìwé Kò Dárúkọ

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ ìyá-ńlá wọn nínú ìwé Amẹ́ríkà àtijọ́. Kí ó tó di ọdún 1850, olórí ilé nìkan ni ìwé ìkànìyàn ń dárúkọ. Ìyàwó àtọmọ di iye lásán. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣẹrú, 1870 ni orúkọ wọn kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Bí obìnrin bá sì ti lọ́kọ, orúkọ bàbá rẹ̀ wọmi nìyẹn.

Síbẹ̀, àwọn tó ń wá àwọn obìnrin yìí ń rí wọn. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń lò, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé owó tí ìjọba san fún opó àwọn ọmọ ogun tó kú nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Opó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣègbéyàwó lóòótọ́, nítorí náà aládùúgbò á wá búra, agbẹ̀bí á jẹ́rìí ọjọ́ ìbí ọmọ, àwọn mìíràn á ya ojú ewé Bíbélì ìdílé fi ránṣẹ́. Ohùn obìnrin gan-an nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn!

Ní 1900, akànìyàn bi àwọn ìyá pé: ọmọ mélòó lo bí, mélòó ló wà láàyè? Ẹni tó ka mẹ́jọ, tó ka mẹ́ta, tó wá dìde lọ wá sàréè àwọn márùn-ún yòókù, iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí.