Abẹ́rẹ́ Tó Ń Mú Ẹnu Kú

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí dókítà eléyín ń ṣe, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú. Bí a bá gún un dáadáa, ẹlòmíràn á tilẹ̀ sùn lọ lórí àga níbi tí a ti ń gbẹ́ eyín rẹ̀. Bí kò bá wọlé dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ ìtùnú tó lè tu onítọ̀hún nínú.

Lidocaine ni mo fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni ọwọ́ mi ṣì ń lọ bá jù. Nils Löfgren ló ṣe é ní Sweden lọ́dún 1943, ó sì dé ọjà lọ́dún 1948. Procaine ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀, èyí tí ara àwọn kan máa ń kọ̀. Lidocaine nìkan kì í pẹ́ nínú eyín. Adrenaline bíńtín tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, tí oògùn kò fi tètè ṣàn lọ, tí a fi ń rí nǹkan bíi wákàtí kan ṣiṣẹ́.

Èrìgì ìsàlẹ̀ ló ń dán wa wò. Egungun ibẹ̀ ki, oògùn kì í rọ́nà wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ̀yìn lọ́hùn-ún la ti ń wá iṣan ìmọ̀lára lọ. Bí kòkòrò bá ti jẹ eyín dé inú, ètè lè kú, kí ahọ́n kú, kí eyín ṣì máa ta.

Ibí ni articaine, oògùn mìíràn tó ń mú ẹnu kú, ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi. Ìyá aláṣọ kan di apá àga mú gírígírí lẹ́yìn lidocaine.

“Dókítà, ó ṣì ń ta mí o.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un.”

Mo fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sẹ́yìn, mo rọra ti articaine 4% sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà láìkánjú, ó tó ìṣẹ́jú kan dáadáa. Nígbà tó yá, ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Articaine ń wọ egungun ju lidocaine lọ, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń tú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ká. Síbẹ̀, n kì í fi gún iṣan ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, torí ìròyìn wà pé ahọ́n àwọn kan kú fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn irú rẹ̀.

Fún ẹni tí adrenaline kò bá lára mu, mepivacaine 3% wà tí kò ní in nínú, bí kò tilẹ̀ pẹ́. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru kan lè gba adrenaline, kó má ṣáà pọ̀ jù, torí ìrora pàápàá ń mú kí ara tú tirẹ̀ jáde.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àìsàn tó ń ṣe yín àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Bí eyín bá ṣì ń ta yín lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má fara dà á. Ẹ na ọwọ́ sókè, a óò dúró.