Lẹ́tà Teletext Lórí Ìtàkùn Ayélujára: Ohun tí Fọ́ǹtì Sọ Jí àti Ohun tí Ó Gbàgbé

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun kíkà ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán, tí wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní Ceefax. Ìròyìn, ojú ọjọ́ àti èsì bọ́ọ̀lù ni àwọn ènìyàn ń kà lójú gíláàsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ojú ewé kan yóò tẹ nọ́ńbà mẹ́ta láti fi pè é, yóò sì dúró títí yóò fi kàn án. Àwọn adití pẹ̀lú jẹ nínú oore yìí, nítorí pé ojú ewé 888 ni a ń pè láti ka ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ. Teletext ni orúkọ gbogbogbòò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òpin dé bá Ceefax ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn. Wọ́n ń tún un dá lórí ìtàkùn ayélujára: wọn a ṣe fọ́ǹtì tí ó jọ lẹ́tà ìgbà náà, wọn a kun ilẹ̀ ní dúdú, wọn a sì to ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ ní pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Iṣẹ́ wọn ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni, ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò sì lè ṣe àjèjì sí àwa tí ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jẹ́ iṣẹ́ wa.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ohun náà ti rí. Ojú ewé teletext ti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìlà 24, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè 40, èyí tí ó fún wa ní àyè 960. Àyè kan kò gbà ju lẹ́tà kan lọ. Lẹ́tà náà kì í ṣe èyí tí a fi gègé fà; ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ ni a tò, márùn-ún ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró. Lára àwọn ẹ̀rọ kékeré tí ń ya lẹ́tà wọ̀nyí, èyí tí a mọ̀ jù ni SAA5050 ti ilé-iṣẹ́ Mullard, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà BBC Micro ti ọdún 1981 pẹ̀lú. Níbi tí lẹ́tà bá ti dàgún, ẹ̀rọ náà a fi ìdajì ẹ̀kán dí ibi tí ó rí págunpàgun, kí ojú lè gbà á. Nínú dídí yìí ni ìrísí rẹ̀ ti wá. Ní ti àwòrán, a pín àyè kan sí ọ̀nà mẹ́fà, méjì ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Títàn àti àìtàn wọn fún wa ní oríṣi 64, òun náà ni a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, òjò àti oòrùn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùṣe fọ́ǹtì gbà láti sọ lẹ́tà wọ̀nyí jí. Àwọn kan sọ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan di àpótí onígun mẹ́rin, wọn kò sì dí ibì kankan. Fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ lè wu ẹni tí kò fojú kan teletext rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí SAA5050 fi han ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni ti Bedstead, fọ́ǹtì tí Ben Harris ṣe. Kò fi ọwọ́ ya lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó to ẹ̀kán wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú SAA5050, ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní òfin dídí tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, ó sì na òfin náà títí ìlà tí ó dàgún fi di títẹ́jú pátápátá. Ní tiwa, èyí ni ó sàn jù. Ẹni tí ó da òfin kọ lè ṣe lẹ́tà tuntun tí yóò jọ ti àtijọ́. Ẹni tí ó da ìrísí nìkan kọ kò ní ju ohun tí ó ti rí lọ.

Ṣùgbọ́n àìdára tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ojú ewé yìí kò sí lára fọ́ǹtì rárá. Ní teletext, bí a bá fẹ́ yí àwọ̀ padà láàárín ìlà, àṣẹ tí ó yí i gba àyè kan fún ara rẹ̀, àyè náà a sì máa ṣófo nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni a ń kọ. Ìlà tí a bá fi yẹ́lò bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà 39 ni ó kù fún un. Bí a bá sì fẹ́ kí lẹ́tà ga ní ìlọ́po méjì, ìlà tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti bá a lọ. Nítorí náà, àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ pupa àti ọ̀rọ̀ funfun kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Owó ibodè ni akọ̀wé san. Lórí ìtàkùn, kò sí owó ibodè. Ènìyàn lè kun lẹ́tà méje inú ọ̀rọ̀ kan ní àwọ̀ méje, kí ó sì pe ohun tí ó ṣe ní teletext. Bí a ti ń wo irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, a rí aṣọ àgbà lára ọmọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún iṣẹ́ yìí dá gbọ́dọ̀ san owó tí àwọn akọ̀wé Ceefax san: kí ó ka àyè rẹ̀, kí ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí tí gbólóhùn yóò fi wọ inú ìlà.

Ẹ̀bi mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kékeré mú. Láti kọ àwọn àwòrán alápá mẹ́fà wọ̀nyẹn, àwọn fọ́ǹtì kan gbé wọn sórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn lẹ́tà lásán. Lójú, àwòrán ilẹ̀ ni. Bí a bá dà á kọ síbòmíràn, tàbí bí afọ́jú kan bá ní kí kọ̀ǹpútà ka ojú ewé náà sí òun létí, àkójọ lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀ ni yóò jáde. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ àìsàn yìí. Kí Unicode tó gbilẹ̀, báyìí ni a ṣe ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ ɛ àti ɔ: a ó mú àmì kan tí a kò lò, a ó sì ya lẹ́tà wa sórí rẹ̀ nínú fọ́ǹtì. Bí ìwé náà bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, ó di wúruwùru. Ní ti teletext, ìwòsàn ti dé: ní ọdún 2020, Unicode fún àwọn àwòrán alápá mẹ́fà ní nọ́ńbà tiwọn, 60 ni iye tí a fi kún un, nítorí pé mẹ́rin tí ó kù ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fọ́ǹtì tí a bá ṣe lẹ́yìn èyí, tí ó sì tún ń fi lẹ́tà bo àwòrán mọ́lẹ̀, kò ní àwáwí.

Ǹjẹ́ àwọn fọ́ǹtì yìí lè kọ Yorùbá? Ẹnìkan lè ní teletext kò kọ Yorùbá rí, pé kí a fi ẹ̀kán àmì ohùn kún un yóò ba òtítọ́ rẹ̀ jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe teletext fúnra wọn fi àyè 13 sílẹ̀ fún lẹ́tà tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì fi àmì owó pọ́n-ùn rẹ̀ síbẹ̀, Jámánì fi ä, ö, ü àti ß, Faransé sì fi é, è, ç àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Fífi lẹ́tà onílé kún un wà nínú òfin rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kìkì pé 13 kò tó wa. Ẹ jẹ́ kí a kà á: fáwẹ́lì méje, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 14, ẹ, ọ àti ṣ, ó di 17, ń àti ǹ, ó di 19, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì fọwọ́ kan lẹ́tà ńlá. Pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 1975, tí ó fi sh rọ́pò ṣ, 18 ni. Ọgbọ́n Minitel ti àwọn Faransé, tí ó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1982 dé 2012, sún mọ́ ohun tí ó yẹ wá jù: ó ń fi àmì àti lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n a sì pàdé nínú àyè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Unicode ṣe fún ẹ́ àti ɛ́ lónìí.

Bí a bá sì wo àwọn ẹ̀kán náà fínnífínní, àyè wà. Lẹ́tà kékeré bí e gba ìlà ẹ̀kán márùn-ún nínú mẹ́sàn-án; méjì ṣófo lókè, méjì ṣófo nísàlẹ̀. Àmì ohùn yóò wọ ti òkè, àmì abẹ́ yóò wọ ti ìsàlẹ̀, ìlà kan yóò sì ya á sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà. Lẹ́tà ńlá ni ó ṣòro, nítorí pé ìlà méje ni ó gbà, kò sì ṣẹ́ nǹkan kù lókè. Ẹni tí yóò kọ Ẹ́ ní láti gé e kúrú, ó sì gbọ́dọ̀ gé gbogbo lẹ́tà ńlá ẹgbẹ́ rẹ̀ bákan náà kí ìlà má bàa rí jágajàga. Ní ibí yìí, ɛ àti ɔ ti ilẹ̀ wa ní ànfààní díẹ̀ lórí ẹ àti ọ, nítorí wọn kò béèrè nǹkan kan nísàlẹ̀.

Fọ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà wọ̀nyí kì í kàn fi wọ́n sílẹ̀ lásán. Kọ̀ǹpútà a yá wọn láti inú fọ́ǹtì mìíràn, ìbú wọn a yàtọ̀, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé wọn nínú ìlà a sì kúrò ní àyè rẹ̀. Tàbí kí àmì ohùn jókòó sí àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bí àlejò tí a kò pè wọlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lo irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ láti ṣe ohun èlò ìkọ́ni, kí ó tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí ìlà mẹ́rin, kí ó fi ìlà òòró kan sí ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wò ó bóyá ìlà òòró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ọ̀gangan ara wọn.