Láti Òkè Ni Mo Ti Ń Yọ Pọ́ǹpù Epo

Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì tí n kì í fi rán ọmọ iṣẹ́, bó ti wù kí ọwọ́ mi dí tó: pípààrọ̀ pọ́ǹpù epo láti òkè, láìsọ táńkì kalẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò lè fi í sílẹ̀ fún wọn. Inú ọgbà oníbàárà ni mo ti sábà máa ń ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò tàbí níwájú fàráńdà, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tí ọwọ́ kan gbé. Kò sí jáákì, kò sí ariwo òòlù, ẹnikẹ́ni kò sì sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ lè má mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, àfi bó bá rí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò lórí ẹní nílẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a lè gba ìsàlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìsàlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ ó tú sálẹ́ńsà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ó bọ́ ọrùn ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, ẹ ó wá dojú kọ bẹ́líìtì irin tó gbé táńkì dúró. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò wa; iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lókè òkun nígbà yìnyín ti jẹ àwọn bóòtù ìdí wọn, ìpẹtà ti so wọ́n mọ́ra. Táńkì Corolla ọdún 2003 sí 2008 ń gba lítà 50. Bó bá kún, epo inú rẹ̀ nìkan wọ̀n tó kílò 37, ẹ kò sì tíì ka táńkì fúnra rẹ̀. Epo náà ń mì síbí, ó ń mì sọ́hùn-ún, orí àyà ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì dojú kọ.

Àwọn tó ṣe Corolla yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ihò sára ilẹ̀ onírin tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, gẹ́lẹ́ lókè orí pọ́ǹpù, wọ́n fi ìdérí pẹlẹbẹ bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Camry tí à ń pè ní Big Daddy, bẹ́ẹ̀ náà ni Honda Accord ọdún 2003 sí 2007. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì lókè òkun, tó ń ya àwòrán mọ́tò tuntun, rántí mẹkáníìkì tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlú tí òun kò ní fojú rí láé. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbé ìjókòó yẹn sókè, inú mi máa ń dùn sí ẹni náà. Mo sì ti bá ọkọ̀ pàdé tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí rí láti ilé iṣẹ́, tí àpá sípánà sì wà káàkiri lára bẹ́líìtì táńkì nísàlẹ̀. Ẹnìkan ti sùn sábẹ́ rẹ̀, ó ti jìyà lásán.

Láyé Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá, pọ́ǹpù epo kò sí nínú táńkì. Ara ẹ́ńjìnnì ló lẹ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ló ń tì í, tó sì ń fa epo díẹ̀díẹ̀ wá fún kabúrétọ̀. Kabúrétọ̀ kò béèrè ju kí epo máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Mọ́tò tó ń fi abẹ́rẹ́ fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: Corolla tí mo ń sọ yìí ń fẹ́ kí epo máa tì pẹ̀lú agbára 44 sí 50 psi nígbà gbogbo, yálà ó dúró sójú kan ni o, tàbí ó ń gun òkè. Pọ́ǹpù oníná ló lè ṣe é, inú epo sì ni wọ́n rì í sí. Ó rọrùn fún un láti ti epo lọ síwájú ju kó máa fà á láti ọ̀nà jíjìn lọ, nítorí epo tí wọ́n ń fà nínú ooru máa ń di afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Ìdí kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀: epo tó yí pọ́ǹpù ká, tó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló ń tù ú lára. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ nínú táńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ń yan ara rẹ̀.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí fún wa. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í rọ ju ìwọ̀nba tí yóò gbé wọn dé ibi iṣẹ́ lọ. Iná epo kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wọn mọ́. N kò lè bá wọn wí, èmi náà ń ra epo. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba fẹnu ara wọn sọ pé bẹntiróòlù kan tí wọ́n kó wọ̀lú ní methanol ju òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè yìí lọ. Methanol máa ń mú kí rọ́bà wú, ó ń jẹ irin, ó sì ń fa omi mọ́ra. Pọ́ǹpù tó jókòó sínú irú epo bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n lára.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí epo kò dé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni pọ́ǹpù rẹ̀ ti kú. Ibí yìí ni mo ti ń mọ mẹkáníìkì tó fẹ́ràn iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn fẹ́ràn owó. Oníbàárà á ní, “Ọ̀gá mẹkáníìkì, ó dé ìdajì òkè Mápó, ó kọ̀, kò lọ mọ́, ìgbà tó tutù tán ló tó tún ṣáná.” Ó jọ ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù lóòótọ́. Àmọ́ fíúùsì ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà rìlè. N ó ní kí onímọ́tò yí kọ́kọ́rọ́, èmi á gbé etí lé ìjókòó ẹ̀yìn. Lára ọkọ̀ tó pọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì; lára àwọn Toyota kan, kò ní dún àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan, n ó fi ọwọ́ tàbí igi kan ìdí táńkì jẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣáná. Bó bá jí lẹ́yìn kíkàn yẹn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pọ́ǹpù ti ń re ilé. Ó ṣì kù kí n wọn iná tó dé ẹnu wáyà rẹ̀. Àìmọye pọ́ǹpù tó dára ni wọ́n ti jù nù nítorí wáyà ẹ́ẹ̀tì kan tó dípẹtà.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo máa ń sọ̀rọ̀ iná, mo sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú líle. Òórùn bẹntiróòlù tí ẹ ń gbọ́ yẹn, epo gidi ni tó ti di afẹ́fẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló ń fà mọ́, ó lè rìn dé ìdí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kó tó gbiná padà wá bá yín. Nítorí náà, ìta gbangba ni, kì í ṣe inú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kò sí sìgá, kò sí ààrò, kò sí fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rọ apaná sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí pẹ̀lú iyanrìn nínú garawa. Ẹ má gbé omi wá, omi kì í pa iná bẹntiróòlù, ṣe ló ń gbé e kiri. Bí epo bá pọ̀ nínú táńkì, pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí ẹ fi fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni, mo sì mọ̀ pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni adùn iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó fa iwájú ìjókòó ẹ̀yìn sókè ní apá ọ̀tún àti òsì, yóò jáwọ́. Ìdérí ihò náà rèé, ohun dúdú alẹ̀mọ́-ọwọ́ ló mú un. Ẹ rọra fi ohun pẹlẹbẹ gbé etí rẹ̀ káàkiri kó má bàa wọ́. Bí pọ́ǹpù bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ̀, kí ẹ ṣáná, kí ẹ́ńjìnnì jẹ epo tó wà nínú páìpù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ tó yọ orí bátìrì. Bó ti wù kó rí, àkísà ni kí ẹ fi bo orí páìpù kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ dúró ná. Ẹ wo orí pọ́ǹpù yẹn. Erùpẹ̀ ọdún gbọọrọ ló bò ó. Ẹni tó bá ń kánjú á ṣí i bẹ́ẹ̀, gbogbo iyanrìn á rọ́ sínú táńkì, pọ́ǹpù tuntun á sì fi í ṣe oúnjẹ àkọ́kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo ń lò, lẹ́yìn náà àkísà, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ojú rọ́bà yóò fi mọ́ kedere. Mo lè pẹ́ nídìí ìmọ́tótó yìí ju ìdí yíyọ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà kan máa ń rò pé mò ń fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀rá ni àwọn kílíìpù páìpù, wọ́n sì ti gbó nínú ooru. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi agbára fà wọ́n á máa wá páìpù tuntun kiri ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Ohun tó mú orí pọ́ǹpù mọ́ táńkì yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀: bóòtù kéékèèké ló yí àwọn kan ká, òrùka ọ̀rá ńlá ló sì de àwọn mìíràn. Wọ́n ní irinṣẹ́ fún òrùka yẹn, àmọ́ ẹni tí kò bá ní in lè fi igi líle tàbí idẹ tì í yí díẹ̀díẹ̀. Irin lórí irin lè tàná, idẹ kì í tàná. Fún ìdí yìí, idẹ kan kò kúrò nínú àpò mi rí.

Bí òrùka bá ti kúrò, ẹ má fa pọ́ǹpù sókè gbọnrangandan. Apá ìléfòó tó ń sọ iye epo fún géèjì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yí i, ẹ fà á díẹ̀, ẹ tún yí i, bí ẹni ń yọ ìgbín nínú ìkarahun, títí ìléfòó yóò fi bá a jáde. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yìí púpọ̀. Ojú kò rí ibi tí ọwọ́ wà, ọwọ́ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá tẹ irin yẹn, géèjì ọkọ̀ náà á máa parọ́ títí wọn yóò fi tà á.

Àwọn kan máa ń ra gbogbo ìdìpọ̀ náà, orí, pọ́ǹpù àti ìléfòó, àwọn mìíràn máa ń ra pọ́ǹpù inú rẹ̀ nìkan nítorí owó, kò sí èyí tó burú. Lára Corolla yìí, asẹ́ epo wà nínú ìdìpọ̀ kan náà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú, kí ẹ sì fi asẹ́ ìsàlẹ̀ tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ọ́ọ̀sì kúkúrú tó so pọ́ǹpù mọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ fi ojú líle wò jù. Inú epo ni yóò máa gbé, ìta àti inú rẹ̀. Ọ́ọ̀sì epo tí a mọ̀ lọ́jà, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe fún epo. Bó bá rì, ìta rẹ̀ á rọ̀, á wú, á sì là. Èyí tí wọ́n ṣe fún inú táńkì ni wọ́n ń kọ SAE J30R10 sí lára. Ó wọ́n díẹ̀, ẹ rà á.

Ní ọjà Àrárọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, ẹ ó rí tuntun, ẹ ó rí Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n kàn kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Denso sí lára páálí. Tèmi ni pé Belgium tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ, bí wọ́n bá gbà kí n fi iná gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Rọ́bà tó wà lábẹ́ orí pọ́ǹpù nìkan ni n kì í ra Belgium rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í dá ògbólógbòó padà. Rọ́bà tó ti wà lórí táńkì fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń wú bó bá ti jáde, kì í bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ wọlé, òórùn epo ni yóò máa bá ọmọ rẹ̀ rìn ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọn kò dá ihò kankan sí lábẹ́ ìjókòó. Mo ti rí àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìgérin, tí wọ́n gé ilẹ̀ mọ́tò lókè táńkì. Ẹ má ṣe é. Iná ẹ̀rọ yẹn ń ta sójú ibi tí afẹ́fẹ́ epo wà gan-an. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táńkì sísọ̀ kalẹ̀ ni òfin, kí á sì sọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bí ohun gbogbo bá ti padà sáyè rẹ̀, n kì í tíì dá ìjókòó padà. Onímọ́tò á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kí epo kún páìpù. Ojú mi wà lórí àwọn oríkèé páìpù, imú mi sì wà níṣẹ́. Bí kò bá sí ìkán, a ó ṣáná, kó máa jó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n tó lẹ ìdérí mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, bí mẹkáníìkì yín bá sọ pé pọ́ǹpù ti lọ, ẹ ní kó fi hàn yín pé iná dé ẹnu wáyà. Bó bá ní òun fẹ́ sọ táńkì kalẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé ìjókòó ẹ̀yìn wò. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí rọ́bà tuntun kó tó dé e. Kí ẹ sì gbìyànjú, bó ti wù kí owó epo rí, kí epo yín má máa lọ sílẹ̀ ju ìdámẹ́rin táńkì lọ.