Gòjé Òyìnbó àti Aró Yaba

Ní Sátidé, mo lọ wo àwòrán olóògbé Yusuf Grillo (1934–2021), ẹni tí ó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dà òyìnbó ni ó lò, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ti inú ìkòkò aró jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní Surulere, àwọn ọ̀dọ́ fi gòjé òyìnbó ṣe eré *African Suite* tí Fela Sowande kọ ní 1944. Nígbà tí háílaìfù wọlé ní apá ìkẹyìn, ẹsẹ̀ èrò kò gbélẹ̀ mọ́.

Àbùkù kan ni mo rí: ìwé ètò kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Bí a kò bá fi èdè wa ṣe ìdájọ́ ọnà wa, àlejò ni yóò máa júwe ilé fún wa.