Orúkọ Awo Nínú Ìwé Ìwádìí Elédè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí Ifá fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè, ìwé òfin kan wà tí yóò tẹ̀ lé: ti Chicago, tó ti wà láti 1906, ti MLA, tàbí ti APA. A kò bá òfin jà. Òun ló ń jẹ́ kí ará Ìbàdàn àti ará Bàhíà lè ṣí ojú ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò ti lè dákẹ́.

Ẹ wo Sixteen Cowries tí William Bascom tẹ̀ jáde ní 1980. Ẹnu Sàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́ ni àwọn ẹsẹ inú rẹ̀ ti jáde, Bascom sì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. (Ẹẹ́rìndínlógún ni o, kì í ṣe ikin, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kan babaláwo bákan náà.) Kí wá ni òfin ní kí ẹni tó bá yá ẹsẹ náà lò kọ? Bascom 1980. Ó tán! Sàlàkọ́ tó ké e ti pòórá.

Ó dùn wá, nítorí Ifá fúnra rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹsẹ Ifá tó sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, kó tó dé orí ẹbọ, orúkọ awo tó dáfá ló máa ń kọ́kọ́ pè. Olùṣèwádìí á wá fi sùúrù tú orúkọ awo ìgbà ìwáṣẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, á sì gbàgbé awo tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ̀dà keje ti APA, tó jáde ní 2019, gbìyànjú díẹ̀. Ó ní bí ìmọ̀ ìbílẹ̀ bá ti ẹnu ènìyàn wá, tí kò sí nínú ìwé tàbí téèpù, kí a kọ orúkọ onítọ̀hún, ẹ̀yà rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ. Síbẹ̀, orúkọ náà kò gbọdọ̀ wọ àtòjọ ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń wò.

Àmì ńkọ́? Bí a bá yọ ọ́, Ọ̀ṣẹ́ tó jẹ́ odù, ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí a ń ṣe fún Ifá, gbogbo wọn á di ose. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní kò fàyè gba àwáwí yẹn mọ́.

Kí orúkọ awo, ìlú rẹ̀ àti ọdún tó ké ẹsẹ wọ àtòjọ. Kí orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí awo bá ní kí wọ́n má dárúkọ òun, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo tó ń wádìí bóyá bí wọ́n ṣe ń ké ẹsẹ kan l'Ọ́yọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀ kò lè rí i mọ̀ lára orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà.