Kòńgẹ́ Yàtọ̀ sí Orí: Iṣẹ́, Ìṣèlú àti Àlùbáríkà nínú Ìtàn Ìgbésí Ayé Benjamin O. Davis Kékeré

Nígbà tí ènìyàn bá dé ipò gíga tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dé, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ Yorùbá ni pé orí rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ kò yọ ara wọn sílẹ̀ nínú èyí. Bí ẹni tí a ń ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ bá ti la ewu kan já, kíá ni a ó ti fa orí wọlé, ìtúpalẹ̀ a sì parí síbẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé orí, bí a ṣe ń lò ó báyìí, kì í jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ó wá ṣí i. Ìwé kan tí ó fi ìṣòro yìí hàn kedere kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá. Òun ni ìwé tí Benjamin O. Davis Kékeré, awakọ̀ bàálù ogun àti ọ̀gágun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ nípa ara rẹ̀, tí ó jáde ní 1991 pẹ̀lú àkọlé *Benjamin O. Davis, Jr., American*.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó tẹ̀lé orúkọ nínú àkọlé yẹn ti sọ ohun tí òǹkọ̀wé ń jà fún. Ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, kò fẹ́ àfikún kankan. Ohùn ìwé náà gbẹ, ó sún mọ́ ìjábọ̀ ológun: ọjọ́, ibùdó, àṣẹ, iye bàálù. Ìgbàgbọ́ tí ó sì gbé e ró ni pé bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlábàwọ́n, àwọn tí ó kórìíra rẹ̀ kò ní rí ibi mú. Bí a bá fi èdè Ifá sọ ọ́, ẹsẹ̀ ni Davis gbé gbogbo ẹrù rù. Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé nínú Ifá, orí àti ẹsẹ̀ ni ó jọ ń rìn, pé orí rere tí kò rí ẹsẹ̀ gbé e kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Davis kò ní bá a jiyàn lórí ẹsẹ̀. Ìyókù ni kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Abala tí ó lágbára jù nínú ìwé náà ni ti West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, tí Davis wọ̀ ní 1932. Láti 1889, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tí ó parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ àfi bí iṣẹ́ bá sọ ọ́ di dandan. Òun nìkan ni ó ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Ó ń jẹun láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò sì dá sí i. Ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá ka èyí yóò gbọ́ ohun tí ó ju ìyà lásán lọ. Níbi tí a ti ń kí ẹni tí ó jókòó, tí a ń kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí a ń kí ẹni tí ó ń ti ọ̀nà bọ̀, bí a kò bá kí ènìyàn fún ọdún mẹ́rin, a ti kà á kún òkú. Ọ̀tá pàápàá a máa kíni, bí kò tilẹ̀ dénú. Davis jáde ní 1936 ní ipò 35 láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 276.

Kí ni ipò 35 yìí rà fún un? Kí ó tó jáde ni ó ti béèrè pé kí wọ́n fi òun sí ẹ̀ka àwọn awakọ̀ bàálù. Wọ́n kọ̀. Àlàyé wọn ni pé kò sí ikọ̀ bàálù kankan fún aláwọ̀ dúdú. Kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí ó darí aláwọ̀ funfun. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi í sí (ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwàdà níhìn-ín). Lẹ́yìn náà, wọ́n rán an lọ sí Tuskegee ní Alabama láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ológun, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbé fún bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ológun, láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìṣèlú ni ó ti kọ́kọ́ mú un wọ West Point. Oscar De Priest, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà nígbà náà, ni ó fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, Davis sì ní láti lọ gbé ní Chicago kí ó lè di ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀. Ìṣèlú náà ni ó gbé e dé inú bàálù. Ní oṣù kẹwàá 1940, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò tí Ààrẹ Roosevelt fi ń wá sáà kẹta, ó sọ Davis Bàbá di bìrìgédíà jẹ́nẹ́rà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Ní 1941, wọ́n kéde ikọ̀ awakọ̀ bàálù fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Tuskegee. Àwọn 13 ni ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta 1942, márùn-ún péré ni ó yege. Davis, ẹni ọdún 29, wà lára wọn, òun nìkan láàárín wọn ni ó sì ti West Point jáde, nítorí náà kò ṣòro láti mọ ẹni tí yóò darí ikọ̀ 99. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ti 1936 kò yí padà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn. Ohun tí ó yí padà ni iye tí ìbò aláwọ̀ dúdú ń pa lọ́jà.

Ogun wá dán gbogbo rẹ̀ wò. Ní oṣù kẹsàn-án 1943, William Momyer, ọ̀gá àgbájọ ikọ̀ tí wọ́n so ikọ̀ 99 mọ́, kọ ìjábọ̀ pé àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kò ní ìgboyà tó, àwọn ọ̀gá tí ó jù ú lọ sì fọwọ́ sí i. Àbá tí ó jẹ yọ ni pé kí wọ́n kó ikọ̀ náà kúrò lójú ogun gidi. Lóòótọ́, bàálù ọ̀tá tí wọ́n ti já lulẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn ni pé kí wọ́n máa ju àdó olóró sí ohun tó wà nílẹ̀, níbi tí bàálù Jámánì kì í sábà gbà. Wọn kò gbé ẹnì kan dé ọjà, wọ́n wá ń bi í pé èéṣe tí kò fi tà. Davis lọ sí Washington ní oṣù kẹwàá, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn. Wọ́n pàṣẹ ìwádìí tuntun.

Ní oṣù kìíní 1944, ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Anzio ní Ítálì, bàálù Jámánì sì tú jáde láti lé wọn padà sínú òkun. Ní ọjọ́ 27 àti 28, ikọ̀ 99 já bàálù ọ̀tá tí ó lé ní mẹ́wàá lulẹ̀. Irú bàálù P-40 tí wọ́n ti ń wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n wà. Àgbájọ ikọ̀ mìíràn ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀gá ibẹ̀, Earl Bates, sì ń lò wọ́n bí ó ṣe ń lo àwọn ikọ̀ rẹ̀ yòókù. Ẹnu tí ń bú wọn pa mọ́. Davis fúnra rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó ti fi ikọ̀ 99 sílẹ̀ láti lọ darí àgbájọ ikọ̀ 332. Iṣẹ́ tí ó dá orúkọ rẹ̀ nídè, àwọn tí ó ti kọ́ ni ó ṣe é, lọ́jọ́ tí kò sí láàárín wọn.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn lámèyítọ́ kò lò tó fún irú nǹkan báyìí: kòńgẹ́. A máa ń gbàdúrà fún arìnrìn-àjò pé kí ó ṣe kòńgẹ́ ire. Orí ni ohun tí ènìyàn gbé ti ọ̀run wá. Kòńgẹ́ jẹ́ ìpàdé, ó sì gba kí ẹnì kan máa rìn, kí ohun kan sì máa bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Anzio jẹ́ kòńgẹ́. Bí ikọ̀ 99 kò bá mọ iṣẹ́, ikú ni wọn ì bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀; bí ìṣèlú Washington kò bá sì tíì dá àbá Momyer dúró, wọn ì bá má sí níbẹ̀ rárá.

Ìtàn Afùwàpẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìtàn orí, yẹ fún kíkà ní ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n gbé orí tí ó wù wọ́n, orí tí kò jinná. Afùwàpẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ọ̀rúnmìlà. Ó ti rúbọ, iyọ̀ àti owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá oníbodè tí ó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ẹni tí ó sá pamọ́ fún olówó, ó bá a san gbèsè. Lẹ́yìn èyí ni Àjàlá bá a yan orí tí ó dára. Bàbá tí ó mọ ọ̀nà wà níbẹ̀, oníbodè wà níbẹ̀, oore tí ó di gbèsè lọ́rùn alágbára wà níbẹ̀. Ó ṣòro láti ka ìtàn yìí kí a má rántí De Priest àti Davis Bàbá.

A lè bá Davis wí pé ó yára kọjá níbi tí kòńgẹ́ ti ṣiṣẹ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n ìdí wà. Bí aláwọ̀ funfun bá sọ pé oríire ló bá òun, ìrẹ̀lẹ̀ ni a ó kà á sí. Bí Davis bá sọ ọ́, ẹ̀rí ni yóò dà lọ́wọ́ Momyer àti àwọn tí ó fọwọ́ sí ìjábọ̀ rẹ̀. Ìdákẹ́ rẹ̀ lórí àlùbáríkà jẹ́ ara ìjà kan náà tí ó fi ìdákẹ́ jà ní West Point, ẹni tí ó bá sì kà á gẹ́gẹ́ bí ìgbéraga ti ṣì í kà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà tilẹ̀ fi ọwọ́ ìṣèlú hàn ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó fẹ̀yìntì ní 1970 pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́ta. Ìkẹrin dé ní 1998, láti ọwọ́ Ààrẹ Clinton, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 85. Kò tún wa bàálù ogun kankan láàárín ọdún 28 yẹn.

Oríire kan wà tí irú ìwé báyìí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ: pé òǹkọ̀wé wà láàyè láti kọ ọ́. Ní 1942 kan náà tí Davis yege, Emmanuel Peter John Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ńlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Stella Thomas, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òfin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ogun ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e tì ní 1939. Ẹsẹ̀ wà, ilé tí ó lẹ́nu láwùjọ wà, ìṣèlú ti ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù kìíní 1945, oṣù díẹ̀ kí ogun Yúróòpù tó parí, bàálù rẹ̀ já ní Wales, ó sì kú. Ìwé Davis lé ní irinwó ojú ewé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa àlùbáríkà nínú iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ogun yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò sì tún ní láti wá ọ̀nà tí yóò gbà ka ìwé Thomas, èyí tí kò sí.